Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ́tísìmù ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?

Ìyá Àkànní (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún ń pa á rẹ́, torí náà bó bá rí wúruwùru ẹ má bínú. Àkànní ọmọ mi á pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, kò tíì pè mí ní Màámi rí. Ó ti ń sọ "omi" àti "gbà" nígbà tó lé díẹ̀ lọ́dún kan, inú wa ń dùn, àfi bó ṣe dákẹ́ tí kò tún sọ ọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá pe orúkọ ẹ̀ nígbà mẹ́wàá kò ní bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ ja ọ̀rá bísíkíìtì ní yàrá kejì kẹ́ ẹ wò ó, á ti dúró tì yín. Mínírà ni mo ń tà ní Tákíé, ìdérí ìgò ló máa ń ṣà, á tò wọ́n lọ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fíríìjì, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, bí ẹsẹ̀ oníbàárà bá wá ṣèèṣì gbá ẹyọ kan péré, ẹkún tó máa sun lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà lódìkejì títì á gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ní emèrè ni. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ o, ẹkún ni wọ́n fi sọ ọ́, pé ká tètè wá nǹkan ṣe kí ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wá mú un lọ. Àwọn kan ní kí n máa bu omi sínú agogo fún un mu, mo ṣe é, ó mu omi, òùngbẹ ẹ̀ lọ, ó parí síbẹ̀. Iléèwé tó ń lọ pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, ó ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́, wọ́n dá ìdajì owó padà fún mi nínú àpò ìwé bíi pé mo wá gba gbèsè.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí dókítà ọmọdé kan. Ó béèrè oríṣiríṣi nǹkan, ó wo ọmọ yẹn títí, ó wá kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé: ọ́tísìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù, àti spíìṣì tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bó ṣe máa sọ̀rọ̀. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe tẹ́rápì yẹn, wọ́n ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ọkọ mi ń wa mọ́tò, ẹ̀yin náà mọ bí owó epo ṣe rí, ibo la ti fẹ́ rí owó Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló ti gba ọ̀nà yìí rí láàárín yín? Níbo lẹ lọ, kíni mo lè máa ṣe nílé kí oṣù mẹ́ta yẹn tó pé? Ó tún ní àbúrò tó jẹ́ ọmọ oṣù méjìdínlógún, kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ lòun náà, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè sùn. Mo ti wo Google títí orí ń fọ́ mi, àwọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ insurance àti school district, mi ò mọ èyí tó kàn mí níbẹ̀.

Ọmọ Ajílété

Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre ìyá wa. Bùọ̀dá mi kan ò sọ̀rọ̀ títí tó fi pé ọdún márùn-ún, òun ló ń pe èrò ní gáréèjì báyìí, kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ fún un ní àsìkò. Fóònù ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sì tún gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa nǹkan yìí, ẹ má fún èyí àbúrò mọ́.

Nọ́ọ̀sì Sábó

Háà, Ọmọ Ajílété, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ síbẹ̀ kí ẹlòmíì tó kà á. Ọmọ tó kàn ń pẹ́ sọ̀rọ̀ á máa nawọ́ sí ohun tó fẹ́, á wo nǹkan yẹn á tún wo ojú ìyá ẹ̀, á máa fi ara júwe. Ọmọ tó ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tọ́rọ̀ wá lọ lẹ́nu ẹ̀, wọn kì í fún ìyẹn ní àsìkò, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí i ni kẹ́ ẹ gbé e wá.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn ńkọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield ló gbé e jáde ní 1998 nínú ìwé àwọn dókítà kan tó ń jẹ́ The Lancet, ọmọ méjìlá péré ló kọ nípa wọn. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ọ̀hún ò mọ́, ìwé yẹn fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà ní Ìlú Ọba. Ní Denmark, wọ́n tẹ̀lé ọmọ tó lé ní 650,000, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, abẹ́rẹ́ èéyi ò mú kí ọ́tísìmù pọ̀ sí i láàárín wọn rárá. Èéyi ló ń pa ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí àbúrò Àkànní gba tiẹ̀ pé.

Ìyá Àkànní, ẹ kú ìrọ́jú. Fóònù kọ́ ló fà á, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fà á, mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí mo mọ ohun tí àwọn ìyá máa ń rò lóru. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ dáadáa ló ń fà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ ọ́ kójú tó tì wọ́n. Wọ́n ń bí i mọ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dín fóònù kù ṣá, torí fóònù kì í dáni lóhùn.

Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ̀rá bísíkíìtì, àmọ́ ọmọ lè gbọ́ ìró kan kó má gbọ́ òmíì, ìró ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ sí ìró ọ̀rá. Ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní iléèwòsàn LAUTECH Teaching, bí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wò ó ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wọ́n á kọ lẹ́tà yín lọ sí UCH, iléèwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lọ UCH, ẹ béèrè ẹ̀ka Child and Adolescent Psychiatry lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ẹ̀ka àwọn dókítà ọpọlọ, ọmọdé àti ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù lé yín padà o, kò túmọ̀ sí pé ọmọ yín ya wèrè. Mo ti rí ìyá tó dé ẹnu ọ̀nà tó kà á tó sì yí padà sí gáréèjì. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ya fídíò kéékèèké sórí fóònù, ìgbà tó ń to ìdérí, ìgbà tẹ́ ẹ pè é tí kò dáhùn, ìgbà tó ń bínú. Ọmọ lè lọ jókòó jẹ́ẹ́ níwájú dókítà fún ogún ìṣẹ́jú bíi pé kò sí nǹkan kan.

Ti àbúrò: ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, ogún ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí Google ẹ máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún sí ọgbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, Àkànní ti kọjá ẹ̀, àbúrò ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ó máa ń nàka sí nǹkan kẹ́ ẹ lè bá a wò ó? Ṣé ó máa ń wẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá pè é? Kì í sọ pé ọmọ ní ọ́tísìmù, ó kàn ń sọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ tètè lọ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe é lálẹ́ òní, torí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ní i, ó ṣeé ṣe kóun náà ní i ju ọmọ ẹlòmíì lọ, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ní i.

Oògùn tó ń wo ọ́tísìmù ò sí. Dókítà lè kọ risperidone bí ọmọ bá ń fi orí gbá ògiri tàbí tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, ìbínú yẹn nìyẹn ń bá wí, kì í fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tó ń gan, tàbí tó tẹjú mọ́ ibì kan tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta, wárápá máa ń bá irú àwọn ọmọ yìí rìn dáadáa.

Bàbá Ọmọge (Ọ̀yọ́)

Mo ka ohun tí Ìyá Àkànní kọ, mo dìde lọ jókòó síta ná kí n tó padà wá. Ọmọbìnrin ni tèmi, ó ti pé mẹ́sàn-án. Ti ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ, ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fura sí tèmi, ó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń yìn ín pé ọmọ yìí mà ní sùúrù o, ó ti pé ọdún mẹ́fà ká tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tówó mi gbà lọ kí tiyín má bàa gbabẹ̀. Ilé àdúrà kan wà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ní, lọ́jọ́ kejì mo bá okùn lọ́wọ́ ọmọ mi, mo gbé e mo sì ń lọ, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan tún wà tó pe ara ẹ̀ ní tẹ́rápísì, oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń san owó fún un, kì í jẹ́ ká wọlé, "ẹ dúró síta Bàbá, ẹ̀ ń dí i lọ́wọ́." Títí dòní mi ò mọ ohun tó ń ṣe nínú yàrá yẹn. Tẹ́rápísì tí kò bá fẹ́ kọ́ ẹ̀yin òbí ní ohun tó ń ṣe, ẹ gbé àpò yín. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni òun ń lò pẹ̀lú ọmọ, ta ló ni wákàtí tó kù?

Èyí tó burú jù ni ìgò kékeré kan tí wọ́n ń polówó lórí Facebook, pé ká máa kán an sínú omi, kòkòrò tó ń fa ọ́tísìmù á jáde. Ìyàwó mi ló ṣí i tó gbóòórùn ẹ̀, ó ní "Bàbá Ọmọge, bílíìṣì mà nìyí." Chlorine dioxide lorúkọ ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń bó nǹkan funfun ni, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lÁmẹ́ríkà, ti ń pariwo láti 2010 pé kẹ́nikẹ́ni má mu ún, ó ń ba inú èèyàn jẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà. Mo dà á sí sókàwéè.

Ó dáa, èyí tó ṣiṣẹ́ ńkọ́? WHO, àjọ ìlera àgbáyé yẹn, ní kọ́ọ̀sì kan fáwọn òbí, Caregiver Skills Training lorúkọ ẹ̀, fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án tí ìdàgbà ẹ̀ ń lọ́ra. Tí wọ́n bá ń ṣe é lójúkojú, ìpàdé mẹ́sàn-án ni, wọ́n á tún wá sílé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2022, ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan lẹ máa san. Gẹ̀ẹ́sì ni o, èmi àti ìyàwó mi ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀ tí mò ń túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀, mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n yé pe ọmọ wá síbi tí mo wà, kí n lọ bá a níbi tó wà. Ọmọ mi máa ń da gààrí láti inú ife kan sí èkejì, á dà á á tún un dà, wákàtí méjì. Tẹ́lẹ̀ màá gba ife. Ni mo bá mú ife méjì tèmi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń da tèmi. Kò wò mí. Ọjọ́ kejì kò wò mí. Ìyàwó mi ní ṣé èmi náà ti kó o ni. Lọ́jọ́ kẹrin mo dá ọwọ́ dúró, ó wo ife mi, ó na ọwọ́, ó da gààrí tiẹ̀ sínú tèmi. Ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ tó fún mi ní nǹkan nìyẹn. Mo lọ sí bálùwẹ̀ lọ sunkún.

Lórí iléèwé tó lé yín, ẹ mọ̀ pé òfin wà. Ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2019, òfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣojúsàájú sí ẹni tó ní ìpèníjà, ó sì sọ nínú ẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì. Iléeṣẹ́ tó bá tàpá sí i, ìtanràn ẹ̀ tó mílíọ̀nù kan náírà. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ kóòtù, mo kàn tẹ apá ibẹ̀ jáde mo mú un lọ bá ọ̀gá iléèwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa, mo kí wọn dáadáa, mo dọ̀bálẹ̀ gan-an, mo wá fi pépà yẹn sórí tábìlì. Wọ́n gbà á.

Tíṣà Dúrọ́bà

Bàbá Ọmọge, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín níbi pépà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kéèyàn ṣe é.

Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Special nílùú Ọ̀yọ́ ni mí, Federal College of Education (Special), láti 1977 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn tíṣà tó máa kọ́ irú àwọn ọmọ yìí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu báwọn èèyàn ṣe ń kọjá wa lọ sí Èkó. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà. Ẹ wá, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àwọn ọmọ tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́ àti ìwà, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀ tó lè júwe ẹni tó sún mọ́ yín, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ wà káàkiri iléèwé ìjọba, àwọn míì ń tajà torí kò síṣẹ́, wọ́n á fẹ́ wá kọ́ ọmọ nílé lówó tí kò le. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ Èkó láéláé o. Patrick Speech and Languages Centre wà n'Íkẹjà láti 2006, iṣẹ́ wọn nìyẹn. GTBank náà máa ń ṣe ètò ọ́tísìmù lọ́dọọdún l'Ékòó, àwọn ògbóǹtarìgì máa ń rí ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó ti tó àsìkò ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Àyájọ́ ọ́tísìmù lágbàáyé ni 2 April, ẹ la etí sílẹ̀ lóṣù yẹn.

Àmọ́ ohun tí Ìyá Àkànní lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ yín ò ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fẹ́, àbí? Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó máa fi béèrè. Àwọn méjì kan lÁmẹ́ríkà, Andy Bondy àti Lori Frost, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1985, PECS ni wọ́n ń pè é, fọ́tò ni ọmọ á fi máa ra ohun tó fẹ́. Bí owó gan-an ló ṣe rí: mo fún ẹ ní fọ́tò, o fún mi lọ́jà. Ọmọ ọlọ́jà ni, á tètè yé e.

Kíni Àkànní fẹ́ràn jù? Ká ní bísíkíìtì. Ẹ fi fóònù yín ya bísíkíìtì gan-an, irú èyí tó ń jẹ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní káfè ní Under G, kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n láminéètì ẹ̀, tówó ò bá sí ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e lójú méjèèjì torí yóò jẹ ẹ́, mo sọ fún yín. Fọ́tò kan péré ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹ̀yin jókòó níwájú ẹ̀, bísíkíìtì lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ṣófo. Fọ́tò wà lórí àga láàárín yín. Ẹnì kejì dúró lẹ́yìn ọmọ, kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun. Nígbà tí ọmọ bá nawọ́ sí bísíkíìtì, ẹni ẹ̀yìn á rọra mú ọwọ́ ẹ̀ sí fọ́tò, á bá a gbé e, á bá a fi í sí ọwọ́ yín tó ṣófo. Lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ ní "Bísíkíìtì!" kẹ́ ẹ sì fún un ní ẹyọ kékeré. Ibi tí àwọn òbí ti máa ń bà á jẹ́ nìyí: ẹ má bi í pé "kíni o fẹ́?" Ẹ má sọ pé "mú fọ́tò wá." Tẹ́ ẹ bá ń bi í, yóò máa dúró dè yín títí ayé kẹ́ ẹ tó bi í. A fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹni ẹ̀yìn á máa dín ọwọ́ kù díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi dá a ṣe. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ oṣù kan.

Wọ́n á sọ fún yín pé fọ́tò ò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́. Irọ́ ni. Àwọn míì, látorí fọ́tò gan-an lọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu wọn, àwọn míì ò ní sọ̀rọ̀ láéláé ṣùgbọ́n wọ́n á lè sọ pé inú ń run àwọn, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìyá Àkànní (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo ti ń sunkún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè méjì. Iléèwé yẹn sọ fún mi nígbà kan pé kí n yé sọ Yorùbá sí i, pé èdè méjì ló dà á lórí rú, láti ìgbà yẹn gẹ̀ẹ́sì ni mò ń tiraka sọ, ìyá ọkọ mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Èkejì, ó máa ń sá lọ. Bí mo bá yíjú báyìí láti ka owó oníbàárà ó ti wọ àárín ọlọ́kadà.

Tíṣà Dúrọ́bà

Ẹ dá Yorùbá padà lónìí olónìí. Wọ́n ti ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ ọ́tísìmù tó ń gbé nílé elédè méjì, wọn ò rí i pé ó ń dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ̀ ń tiraka sọ yẹn, ó ń gé ọ̀rọ̀ yín kúrú, ẹ ò lè fi kọrin, ẹ ò lè fi kì í. Tí ìyá àgbà bá jí i láàárọ̀ tí wọ́n kì í, "Àkànní ọ̀kín", tí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀, bóyá ó máa wo ojú wọn, tẹ́rápì nìyẹn o. Owó ló máa ná yín lójú òyìnbó.

Àbúrò Ẹ̀ Ni Mí

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, mo máa ń kà á lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọ́tísìmù, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n la dàgbà sí. Ti sísá lọ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn torí èmi ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ bo kànga. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ wo gbogbo kànga tó wà láàárín agbo ilé yín àti ti àwọn aládùúgbò, kó ní ìdérí, kí ìdérí ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn omi, omi ló sì ń pa wọ́n jù tí wọ́n bá sá lọ. Tiwa, ó wà lẹ́nu kànga lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ kan níta, mi ò tíì gbàgbé. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù yín mọ́ inú ọrùn aṣọ ẹ̀, mọ́ gbogbo aṣọ o, kì í ṣe ti òde nìkan. Ẹ mú un lọ bá àwọn ọlọ́kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ra mínírà fún wọn, ẹ ní "ọmọ mi nìyí, kì í sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá rí i láìrí mi ẹ dá a dúró, ẹ má pariwo mọ́ ọn." Màámi tijú láti ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n ṣe é, ọlọ́kadà ló gbé e padà wálé lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ariwo bá ń dà á láàmú, jẹnẹrétọ̀, lọ́ńdípíkà, ìlù egúngún, ẹ má ra hẹ́dífóònù olówó ńlá. Ohun tí àwọn tó ń la pákó máa ń fi bo etí, òun náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ tiẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ohun tó kù, mo rọra ń sọ ọ́ o ẹ má bínú. Èyí àbúrò yẹn, ẹ máa rí i pẹ̀lú. Èmi náà ṣe oríire níléèwé, mo gba ipò kejì, mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wo káàdì mi. Mi ò bínú sí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lè ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún un nìkan lọ́sẹ̀, kó jẹ́ tiẹ̀, ẹ yà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa báyìí. Mílíìkì agolo, gbogbo orúkọ ẹ̀ dojú kọ ibì kan. Àwọn oníbàárà máa ń ya fọ́tò ẹ̀.

Ọmọ Ajílété

Mo ti kà á. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Òwódé, Ìyá Àkànní, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdérí kànga ẹ sọ fún mi, owó irin nìkan ni mo máa gbà.

Ìyá Àkànní (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n padà wá sọ ibi tá a dé. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ fún etí, Tuesday tó ń bọ̀. Mo ṣe ìbéèrè ogún yẹn fún àbúrò, ọ̀kan péré ló kùnà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì ní ọkàn òun balẹ̀ sí ìyẹn ṣùgbọ́n kí n ṣì máa wò ó. Ọmọ Ajílété ti wá wọn kànga, Ọlọ́run á bù sí i fún wọn.

Fọ́tò bísíkíìtì, ọjọ́ mẹ́fà la fi ṣe é, ìyá ọkọ mi ló ń dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ìṣòro wa ni pé wọn ò lè dákẹ́, wọ́n á ní "mú un, Àkànní, mú un fún ìyá ẹ", mo ní Màámi, Tíṣà ní ẹ má sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá fi ìborùn di ẹnu. Lánàá mò ń fọ ìgò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mi ò tiẹ̀ mú bísíkíìtì lọ́wọ́, mo kàn rí i pé nǹkan tẹ̀ mí lẹ́yìn. Mo yíjú, òun ni, fọ́tò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti rún, ó ń tì í mọ́ mi lára. Mo fún un ní odindi páálí kan. Mo mọ̀ pé ẹyọ kékeré lẹ ní, Tíṣà, ẹ má bá mi wí.

Ìyá ọkọ mi wò ó títí, wọn ò sọ̀rọ̀ emèrè mọ́. Lálẹ́ wọ́n pè mí, wọ́n ti we gèlè, wọ́n lé tìróò, wọ́n ní kí n ya àwọn náà sórí fóònù, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde mọ́ ti bísíkíìtì kó lè máa fi béèrè àwọn. Tíṣà, ṣé ó ti yá láti fi ti èèyàn kún un, àbí ká ṣì dúró lórí nǹkan jíjẹ ná?